Owó-orí Ọjà àti Òwò Ilẹ̀ Òkèèrè: Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó San Án?

Ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ọ̀ràn kan tí ó kan gbogbo ẹni tí ń rà àti gbogbo ẹni tí ń tà, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi sílẹ̀ fún àwọn akọ̀wé ìjọba nìkan. Ọ̀ràn náà ni owó-orí tí ìjọba ń gbà lórí ọjà, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí VAT, àti bí owó náà ṣe lè dí ọjà wa lọ́nà tàbí kí ó jẹ́ kí ó kọjá ní àlàáfíà nígbà tí a bá gbé e lọ tà ní ilẹ̀ mìíràn.

Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn kan ń wí pé owó-orí ọjà ń pa òwò òkèèrè, nítorí bí ìjọba bá ti bù ú lé ọjà wa, yóò wọ́n ju ọjà ẹlòmíràn lọ. Àwọn mìíràn ń wí pé orílẹ̀-èdè tí owó-orí ọjà rẹ̀ bá ga ń rẹ́ àjèjì jẹ ni, nítorí ó ń gbà á lórí ọjà tí ó wọlé, kò sì gbà á lórí èyí tí ó jáde. Èrò kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ọjà lásán. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Ààrẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Donald Trump, fi ọwọ́ sí ìwé kan tí ó ka VAT àwọn ilẹ̀ mìíràn kún ohun tí Amẹ́ríkà yóò gbé yẹ̀ wò kí ó tó pinnu iye owó-ibodè tí yóò gbà lórí ọjà wọn.

Èrò méjèèjì ni ó ní àbùkù. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ fi yé wa kò ju gbólóhùn kan lọ: owó-orí ọjà kì í ba òwò òkèèrè jẹ́ bí a bá gbà á ní ibi tí a ti lo ọjà náà, ohun tí í bà á jẹ́ ni owó-orí tí ó há sínú ọjà, tí ó sì bá ọjà náà sọdá ibodè.

1. BÍ OWÓ-ORÍ ỌJÀ ṢE Ń RÌN

Kí á tó dé òkèèrè, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí owó yìí ṣe ń rìn nínú ilé. Maurice Lauré, òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Faransé, ni a máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀. Ìlànà náà di òfin ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù kẹrin ọdún 1954, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn kálẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè tí ń lò ó lónìí ju 160 lọ. Ìjọba Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin nípa Àṣẹ No. 102 ti ọdún 1993. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á, ní náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún náírà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2020 ó di náírà méje àti àádọ́ta kọ́bọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún. Òfin Owó-orí tuntun tí a fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2026, fi iye náà sílẹ̀ bí ó ti wà.

Owó yìí yàtọ̀ sí èyí tí a ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn lórí owó iṣẹ́ rẹ̀ tàbí èrè tí ó jẹ. Ẹni tí ó lo ọjà gbẹ̀yìn ni ó ń san án. Oníṣòwò kò ju ìránṣẹ́ lọ nínú ọ̀ràn náà. Ó ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń yọ èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti san nígbà tí ó ń ra ohun èlò, ó sì ń gbé ìyókù fún ìjọba.

Ẹ jẹ́ kí á fi aṣọ àdìrẹ ṣe àpẹẹrẹ. Kí á sọ pé ìyá aláró kan wà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, tí iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó-orí. Ó ra aṣọ funfun ní ₦100,000, ó sì san owó-orí ₦7,500 lé e. Ó ra aró àti sódà ní ₦20,000, ó san ₦1,500 lé e. Owó-orí tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde di ₦9,000. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, owó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àti èrè rẹ̀ jẹ́ ₦80,000. Nítorí náà ó dá iye ₦200,000 lé ọjà rẹ̀.

Bí ó bá tà á fún ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn, yóò gba owó-orí ₦15,000 mọ́ ọn. Nínú ₦15,000 yìí yóò yọ ₦9,000 tí ó ti san tẹ́lẹ̀, yóò sì gbé ₦6,000 fún ìjọba. Bí a bá ro ₦7,500 àti ₦1,500 àti ₦6,000 pọ̀, ₦15,000 géérégé ni. Kò sí owó-orí lórí owó-orí. Ẹni Ìbàdàn tí yóò wọ aṣọ náà ni ó san gbogbo rẹ̀. Ìyá aláró kò pàdánù kọ́bọ̀.

2. NÍGBÀ TÍ ỌJÀ BÁ DÉ IBODÈ

Wàyí o, kí á sọ pé oníbàárà kan ní Kútọnu ni ó fẹ́ ra aṣọ náà. Àwọn ará Benin ni yóò wọ̀ ọ́, kì í ṣe àwọn ará Nàìjíríà. Nítorí náà owó-orí lílo aṣọ náà kì í ṣe ti ìjọba Nàìjíríà mọ́; ti ìjọba Benin ni.

Bí òfin wa ti ṣe é nìyí: òdo ni iye owó-orí ọjà lórí ọjà tí a kó lọ sí òkèèrè. Òdo yìí lágbára ju bí ojú ti rí i lọ. Ìyá aláró kò ní gba owó-orí kankan lọ́wọ́ oníbàárà Kútọnu, síbẹ̀ ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ₦9,000 tí ó ti san sẹ́yìn lórí aṣọ funfun àti aró. Bí ó bá rí i gbà, aṣọ rẹ̀ dé Ìdí-Ìrókò tàbí Sẹ̀mẹ̀ ní ₦200,000, láìsí owó-orí nínú rẹ̀. Ní òdìkejì ibodè, ìjọba Benin yóò fi tirẹ̀ lé e, èyí tí í ṣe 18 lórí ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦36,000. Ọjà tí a ṣe ní àwọn ilẹ̀ ECOWAS lè wọlé láìsan owó-ibodè bí ìwé rẹ̀ bá pé, ṣùgbọ́n èyí kò yọ ọ́ kúrò nínú owó-orí ọjà. Ẹni tí ó ra aṣọ náà yóò wá san ₦236,000.

Ẹ wo aláró tí ó wà ní Kútọnu fúnra rẹ̀. Bí aṣọ tirẹ̀ náà bá jẹ́ ₦200,000, òun náà yóò gba ₦36,000 lé e. Àwọn méjèèjì wà lórí ìlà kan náà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá jù, tí aró rẹ̀ mú aṣọ dáadáa, ni oníbàárà yóò yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ń wí pé ọjà Benin kò lè bá tiwa díje ní Èkó, nítorí pé owó-orí wọn ga ju tiwa lọ, fi ṣìnà. Ọjà tí ó bá gba ọ̀nà òfin jáde ní Benin bọ́ 18 lórí ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ ní ibodè, ó sì gbé 7.5 wọ̀ bí ó ti ń wọ Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó bọ́ aṣọ oko sílẹ̀ kí ó tó wọ aṣọ òde. Bákan náà ni bí a bá kó àdìrẹ lọ sí London, níbi tí owó-orí ọjà ti jẹ́ 20 lórí ọgọ́rùn-ún láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2011. Aṣọ tí a rán ní London àti aṣọ tí a pa láró ní Abẹ́òkúta ń san iye kan náà níbẹ̀. Ọjà tí ó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú nìkan ni kò san níhìn-ín, tí kò sì san lọ́hùn-ún. Òun ni ó sì ń rẹ́ olóòótọ́ jẹ ní ilẹ̀ méjèèjì.

Kì í ṣe òní ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fohùn ṣọ̀kan lórí ìlànà yìí. Àdéhùn òwò tí a ń pè ní GATT, tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1947, àti Ẹgbẹ́ Òwò Àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1995, gbà pé yíyọ irú owó-orí bẹ́ẹ̀ kúrò lára ọjà tí ń jáde kì í ṣe ẹ̀bùn ìjọba fún oníṣòwò, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí a dá padà kò bá ju ohun tí a ti gbà lọ.

3. OWÓ-ORÍ TÍ Ó HÁ SÍNÚ ỌJÀ: ÌTÀN ILẸ̀ JÁMÁNÌ

Kì í ṣe gbogbo owó-orí ọjà ni ó ṣeé bọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1918 ni ìjọba Jámánì ti ń gba owó-orí lórí gbogbo títà. Nígbà tí ó fi di ọdún 1951, ó ti tó 4 lórí ọgọ́rùn-ún. Nínú ìlànà yìí kò sí àyè láti yọ èyí tí a ti san tẹ́lẹ̀. Bí ọjà bá ti ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ìjọba a tún gbà á.

Ẹ wo ohun tí èyí mú wá. Kí á sọ pé ènìyàn mẹ́rin ni ó ṣiṣẹ́ lórí aṣọ kan: ẹni tí ó ta òwú, ẹni tí ó ran òwú, ẹni tí ó hun ún, àti ẹni tí ó rán an. Olúkúlùkù fi iṣẹ́ tí ó tó 100 kún un. Iṣẹ́ inú aṣọ náà jẹ́ 400. Ṣùgbọ́n bí a bá gba 4 lórí ọgọ́rùn-ún nígbà mẹ́rin, tí owó-orí ń gun orí owó-orí, èyí tí ó wà nínú aṣọ náà yóò lé ní 41. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan ṣoṣo ni ó ṣe iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò san, yóò sì san 16 péré. Nítorí náà ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń ra àwọn kéékèèké mọ́ ara wọn, kì í ṣe nítorí kí iṣẹ́ lè dára sí i, bí kò ṣe láti sá fún owó-orí.

Ní ibodè, ọ̀ràn náà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó mọ iye owó-orí tí ó há sínú aṣọ kan. Ìjọba a máa fojú díwọ̀n rẹ̀, a sì dá iye kan padà fún gbogbo oníṣòwò. Ẹni tí ó rí gbà ju èyí tí ó san lọ jẹ èrè tí kò ṣiṣẹ́ fún. Ẹni tí ó rí gbà dín jìyà. Àwọn aládùúgbò sì ń fura pé ìjọba ń fi ọgbọ́n ṣe ìrànwọ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọdún 1962, ìgbìmọ̀ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fritz Neumark ṣe alága rẹ̀ dámọ̀ràn fún àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà tí wọ́n da ọjà wọn pọ̀ ní Yúróòpù pé kí wọ́n pa irú owó-orí yìí tì, kí wọ́n sì mú ìlànà ilẹ̀ Faransé lò. Wọ́n fohùn sí i ní oṣù kẹrin ọdún 1967. Jámánì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1968. Láti ìgbà náà ni rìsíìtì ti ń fi iye owó-orí inú ọjà hàn gbangba, tí a fi lè dá a padà láìdín, láìlé.

4. ṢÉ OWÓ-IBODÈ NI OWÓ-ORÍ ỌJÀ?

Àwọn tí wọ́n ń pe VAT ní owó-ibodè ń wo ẹ̀gbẹ́ kan nìkan. Lóòótọ́ ni a ń gbà á ní èbúté Àpápá lórí ọjà tí ó ti òkèèrè dé, ṣùgbọ́n a ń gbà á pẹ̀lú lórí irú ọjà bẹ́ẹ̀ tí a ṣe nílé. Owó-ibodè ń ya àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ilé. Owó-orí ọjà kò béèrè ibi tí ọjà ti wá. Ibi tí a ó ti lò ó ni ó ń béèrè. Bí a bá ní kí ọjà òkèèrè má san án, ọmọ ilé ni a fi ìyà jẹ.

Ǹjẹ́ a wá lè fi owó-orí ọjà gíga ti ọjà wa jáde? Rárá. Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì ní Amẹ́ríkà, Martin Feldstein àti Paul Krugman, ṣàlàyé pé owó-orí tí a bá gbà lórí gbogbo ohun tí a ń lò, tí a sì yọ kúrò lára gbogbo ohun tí ń jáde, kì í ti ọjà jáde, bẹ́ẹ̀ ni kì í dí ọjà lọ́nà láti wọlé. Iye owó ilẹ̀ náà, tàbí iye owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò máa yí padà títí ohun gbogbo yóò fi bá ara mu.

Ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì fi èyí hàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1968, ọjà Jámánì ń tà ju ti àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ, wọ́n sì ń rọ̀ ọ́ pé kí ó gbé iye owó rẹ̀, máàkì, sókè. Kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Dípò èyí, ó dín ohun tí ó ń yọ lára ọjà tí ń jáde kù ní 4 lórí ọgọ́rùn-ún, ó sì dín èyí tí ó ń gbà lórí ọjà tí ń wọlé kù ní iye kan náà. Ó dà bí ẹni tí ó gbé owó rẹ̀ sókè láìfẹnu sọ ọ́. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún 1969, ó gbé máàkì sókè ní gbangba. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ohun tí a ṣe ní ibodè àti iye owó ilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kan náà. Èyí tí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni, ọwọ́ òsì lè gbà á padà.

5. OWÓ-ORÍ TÍ KÌ Í BỌ́ NÍ IBODÈ

Àwọn àgbà tí wọ́n ti gbin kòkó kí ọdún 1970 tó dé mọ oríṣi owó-orí mìíràn. Bọ́ọ̀dù Kòkó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, àti Bọ́ọ̀dù Irè Oko ti Ìwọ̀-Oòrùn tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 1954, ni wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní iye tí wọ́n dá, wọ́n sì ń tà á ní òkèèrè. Ìjọba ń gba owó-orí lórí kòkó tí ń jáde, Bọ́ọ̀dù sì ń fi owó pamọ́ nínú ohun tí ó ta. Owó náà ṣe iṣẹ́ rere púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ta ni ó san án? Kì í ṣe ẹni tí ń jẹ ṣokoléètì ní ìlú òyìnbó. Ní London àti New York ni àwọn oníṣòwò ti ń dá iye kòkó, wọn kò sì ní fi kọ́bọ̀ kún un nítorí pé ìjọba wa gba owó-orí, nígbà tí kòkó Gánà àti ti Ivory Coast wà ní ìkáwọ́ wọn. Owó-orí náà padà sẹ́yìn, ó bọ́ lé àgbẹ̀ lórí. Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Ní ọdún 1986 ni a tú irú àwọn bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ká.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó tí àwọn agbowó ń gbà lójú ọ̀nà lórí ọkọ̀ tí ó kó irè oko. Kò sí rìsíìtì tí oníṣòwò lè fi gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà nígbà tí ọjà rẹ̀ bá ń kọjá sí òkèèrè. Ó há sínú ọjà.

Owó tí a bù lé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kò yàtọ̀. Kò sí ìjọba tí ń yọ ọ́ kúrò lára ọjà ní ibodè. Nítorí èyí ni Jámánì, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, fi gbé owó-orí ọjà láti 16 lọ sí 19 lórí ọgọ́rùn-ún, tí ó sì dín owó ìdáàbòbò àwọn tí kò níṣẹ́, tí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jọ ń san, láti 6.5 sí 4.2 lórí ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́. Ó dín èyí tí ó ń há sínú ọjà kù, ó sì fi kún èyí tí ń bọ́ ní ibodè. Ṣùgbọ́n irú pàṣípààrọ̀ yìí kò ṣàìní ẹni tí yóò ru ẹrù rẹ̀: arúgbó àti aláìníṣẹ́, tí wọn kì í gba owó iṣẹ́, ń ra ọjà pẹ̀lú.

6. IBI TÍ Ọ̀RÀN TI LE

Gbogbo ohun tí a ti sọ nípa ìyá aláró dúró lórí ohun kan: kí ₦9,000 rẹ̀ padà sí ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá padà ńkọ́? Yóò fi í sórí ọjà, aṣọ rẹ̀ yóò sì dé ibodè ní ₦209,000. Benin yóò gba 18 lórí ọgọ́rùn-ún gbogbo rẹ̀, ìyẹn ₦37,620. Oníbàárà yóò san ₦246,620, nígbà tí aṣọ aláró Kútọnu jẹ́ ₦236,000. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ₦10,620, ó sì tó láti mú oníbàárà yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bí ìyá aláró kò bá sì fẹ́ pàdánù oníbàárà, inú èrè rẹ̀ àti owó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ₦9,000 náà yóò ti jáde. Bí ó bá sì jẹ́ pé owó náà padà lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, tí ó ti yá owó ní èlé náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù láti fi ṣiṣẹ́, ₦1,800 ti bá èlé lọ.

Ní Nàìjíríà, ìdí mìíràn tún wà tí owó-orí fi ń há sínú ọjà. Títí òpin ọdún 2025, èyí tí oníṣòwò san lórí ọjà tí yóò tún tà, tàbí lórí ohun èlò tí ó wọ inú ọjà náà gan-an, ni òfin gbà á láàyè láti yọ. Èyí tí ó san lórí ẹ̀rọ, lórí iṣẹ́ amòfin tàbí ti oníṣirò owó, kò ṣeé yọ. Òfin tuntun ti ọdún 2026 gbà pé kí ó yọ ìwọ̀nyí pẹ̀lú, bí ó bá jẹ́ fún iṣẹ́ ọjà tí òfin owó-orí náà kàn ni ó lò wọ́n. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ilé iṣẹ́ tí ń lọ ẹ̀gẹ́, tí ń fún òróró, tàbí tí ń sọ kòkó di ṣokoléètì, nítorí pé ẹ̀rọ ni ó ń gba owó jù nínú iṣẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ìyàtọ̀ láàárín ọjà tí owó-orí rẹ̀ jẹ́ òdo àti ọjà tí a yọ kúrò nínú òfin náà pátápátá. Ẹni tí ń ta ọjà tí a yọ kúrò kò gba owó-orí lọ́wọ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n kò lè béèrè èyí tí òun ti san. Ó há síbẹ̀. Ẹni tí ń ta ọjà olódo kò gbà, ó sì lè béèrè tirẹ̀ padà. Òfin tuntun fi òdo sórí oúnjẹ pàtàkì, ẹ̀kọ́ ilé-ìwé àti ìtọ́jú aláìsàn, kí ìdílé tálákà má bàa ru ẹrù tí ó wúwo jù.

Àwọn agbowó-orí ní ẹjọ́ tiwọn, ó sì yẹ kí á gbọ́ ọ. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ni àwọn ọ̀dàlẹ̀ ti ń mú ìwé èké wá pé àwọn kó ọjà jáde, tí wọ́n sì gba owó tí wọn kò san. Ìṣọ́ra tọ́. Ṣùgbọ́n bí ìṣọ́ra bá di ìdádúró láìlópin, olóòótọ́ ni ó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ olè. Ní ọdún 2005, Mihir Desai àti James Hines wo ìṣirò òwò àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀, wọ́n sì rí i pé àwọn tí wọ́n gbójú lé VAT jù ń kó ọjà jáde dín, pàápàá jù lọ àwọn orílẹ̀-èdè tálákà. Bí ìlànà bá dára nínú ìwé, tí owó kò sì padà, kò sí ohun tí ìwé náà lè ṣe fún ìyá aláró.

7. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á ṢE

Ilẹ̀ wa ti gbẹ́kẹ̀ lé epo rọ̀bì pẹ́ jù. Bí a bá fẹ́ kí aṣọ, gààrí, kòkó àti ẹ̀pà wa rí àyè ní ọjà ayé, olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe.

Oníṣòwò tí ó fẹ́ ta ọjà sí òkèèrè ní láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn agbowó-orí àti lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ tí ń gbé ọjà Nàìjíríà lárugẹ ní òkèèrè, èyí tí a ń pè ní NEPC. Kí ó gba rìsíìtì lórí gbogbo ohun tí ó rà, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹní tọ́jú owó, nítorí pé owó ni. Kí ó gba ìwé NXP ní báńkì kí ọjà rẹ̀ tó jáde. Kí ó sì fi ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù tí ó tẹ̀lé e tó kọjá. Ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ kò ní ẹ̀tọ́ tí ó lè fi hàn.

Àwọn oníṣẹ́ kéékèèké tí òfin kò fi dandan mú láti forúkọ sílẹ̀ lè para pọ̀ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ẹgbẹ́ náà máa ra ohun èlò, kí ó sì máa ta ọjà lórúkọ gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ lè gba akọ̀wé tí yóò máa tọ́jú ìwé. Ẹni kan ṣoṣo lè má lágbára rẹ̀.

Ní ti ìjọba, kí ó ka owó tí ó yẹ kí ó dá padà sí gbèsè, kì í ṣe àánú. Kò tí ì di ti ìjọba rí. Ìyá aláró ni ó fi pamọ́ sí i lọ́wọ́. Kí á yára san án fún àwọn tí ìwé wọn mọ́, kí á sì fi ojú líle wo àwọn tí ìwé wọn rú wa lójú.

Ní ti àwa yòókù, ẹ jẹ́ kí á mọ̀ pé owó-orí ọjà tí a ń san ní ọjà Bódìjà tàbí ti Oṣódì, àwa tí a ń lo ọjà náà ni ó tọ́ sí láti san án, ó sì tọ́ kí á béèrè ohun tí a fi ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí á má ṣe di ẹrù wa ru ọjà tí ń rìnrìn-àjò. Ọjà tí ó ń lọ sí ilẹ̀ onílẹ̀ ní owó-orí tirẹ̀ tí ó ń dúró dè é níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ta ni ó ń san owó-orí ọjà níkẹyìn: ẹni tí ó ṣe ọjà, ẹni tí ó tà á, tàbí ẹni tí ó lò ó? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
2. Aláró kan ra ohun èlò ₦160,000, ó sì san owó-orí 7.5 lórí ọgọ́rùn-ún lé e. Ó ta aṣọ rẹ̀ sí Lomé, ní ilẹ̀ Tógò, ní ₦400,000. Eélòó ni ó yẹ kí ìjọba wa dá padà fún un? Bí owó-orí Tógò ti jẹ́ 18 lórí ọgọ́rùn-ún, eélòó ni oníbàárà rẹ̀ yóò san lápapọ̀?
3. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín owó-orí lórí ọjà tí a ń lò nílé àti owó-orí lórí kòkó tí ń jáde? Ta ni ẹrù ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ́ lé lórí?
4. Ní àdúgbò yín, owó wo ni a ń gbà lórí irè oko tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní rìsíìtì? Ọ̀nà wo ni a lè gbà ṣe àtúnṣe rẹ̀?
5. Ǹjẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà lọ́dọ̀ yín tí ó lè ta ọjà sí òkèèrè? Kí ni ó kù kí ó ṣe?